Naum Gabo, Ẹni tí ó fi Òfìfo Ṣe Ère

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ère ni igi, òkúta tàbí idẹ tí a gbẹ́ tàbí tí a rọ, títí yóò fi jọ ènìyàn tàbí ẹranko. Bí ère bá wúwo, tí ó sì ki, wọn a máa rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkùnrin kan wà tí ó gbà pé òfìfo pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Inú igbá tí ó ṣófo ni a ń bu omi sí. Inú ìlù tí ó ṣófo ni ohùn ti ń jáde. Ọkùnrin yìí mú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti jiọ́mẹ́tìrì, ó sì fi wọ́n ṣe ère tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Naum Gabo ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1890 ni a bí i ní ìlú Bryansk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, Pevsner sì ni orúkọ ìdílé wọn. Baba rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin, nítorí náà irin àti idẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ náà láti kékeré. Antoine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ti fi ọkàn sí iṣẹ́ àwòrán yíyà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1910, Naum lọ sí ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Kò pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fi kúrò nínú ìṣègùn. Ó yà sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ni ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ní ìlú kan náà ní ọdún 1912. Bí ó ti ń kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n Heinrich Wölfflin lọ́wọ́ kejì.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà yìí ní òkìkí kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1875, àwọn olùkọ́ ìṣirò méjì, Felix Klein àti Alexander Brill, dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa ṣe àwòṣe tí yóò mú kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí ohun tí ìṣirò ń sọ. Ṣáájú wọn, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, Théodore Olivier, ti fi okùn ṣe irú àwòṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti rí, kí ó mú òrùka ńlá méjì tí wọn tóbi bákan náà, kí ó gbé ọ̀kan sókè, kí ó fi èkejì sí ìsàlẹ̀, kí ó sì ta okùn púpọ̀ láti ara èyí dé ara èyí, kí wọn dúró gbọọrọ bí okùn tí awunṣọ ta sórí òfì. Ohun tí yóò rí ni ọ̀wọ̀n gbọọrọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí òrùka òkè díẹ̀, tí ó sì tún okùn náà fà kí ó le, ọ̀wọ̀n náà yóò sún mọ́ra láàárín, yóò sì ní ìbàdí bí ìlù gángan. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sí okùn kan tí ó tẹ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn ni ó nà tọ́ọ́rọ́, síbẹ̀ ohun tí ojú ń rí rọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ara ìkòkò. Èyí ni pé ìlà tí ó nà lè bí ojú ara tí ó tẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni Gabo wá sọ di ẹwà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí ó kúrò ní Munich.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kò lè fi ọkàn balẹ̀ ní Jámánì mọ́. Naum sá lọ sí ilẹ̀ Nọ́wè. Níbẹ̀, ní ọdún 1915, ni ó ti ṣe àwọn ère rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ Gabo, kí a má baà ṣi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú fún ara wọn. Orí ènìyàn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò gbẹ́ igi, kò mọ amọ̀. Páálí, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti páànù ni ó gé, tí ó sì to wọ́n pọ̀ ní ìbú àti ní òró, gẹ́gẹ́ bí afárá oyin ti ní ògiri inú. A kò rí awọ ojú lára orí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí a bá dúró níwájú wọn, a mọ iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti inú àlàfo tí ó wà láàárín páànù kan àti èkejì.

Ní ọdún 1930, Gabo ṣe àpótí kéékèèké méjì láti fi ṣe àlàyé ọ̀nà yìí. Èkíní dí pinpin ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tí ó lè rí inú rẹ̀. Ní ti èkejì, ó yọ ògiri ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ó sì fi pátákó méjì tí ó ti igun dé igun, tí wọn dábùú ara wọn láàárín, gbé òkè rẹ̀ ró. Àyè tí àpótí méjèèjì gbà kò ju ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n èkíní fi àyè náà pamọ́, èkejì sì fi í hàn. Nínú èkíní, ohun tí ó wúwo ni a ń wò. Nínú èkejì, àlàfo fúnra rẹ̀ ni ó di ohun àfojúrí.

Ní ọdún 1917, lẹ́yìn tí a lé ọba kúrò lórí oyè ní Rọ́ṣíà, Gabo padà sí ilé, ó sì ń gbé ní Moscow. Ebi ń pa ìlú, ogun abẹ́lé ń jà, ohun èlò sì wọ́n bí ojú. Nínú ọ̀wọ́n yìí ni ó ti ṣe ohun kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí, láàárín ọdún 1919 sí 1920. Ó ri ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ orí àpótí, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń gbé ṣiṣẹ́ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, ọ̀pá gbọọrọ lásán ni. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá náà a máa gbọ̀n rìrì tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí ọ̀pá mọ́, bí kò ṣe ìgbì kan tí ó dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí ó ní ikùn, tí ó sì ní ọrùn. A lè fi ojú rí i, a kò lè fi ọwọ́ dì í mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Gabo ṣe é fún, kí wọn lè mọ̀ pé ìṣípòpadà àti àkókò pẹ̀lú lè jẹ́ ohun èlò agbẹ́lére.

Ní ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1920, Gabo àti Antoine pàtẹ iṣẹ́ wọn ní gbangba ìta ní Moscow, wọ́n sì lẹ ìwé ìkéde kan mọ́ ara ògiri káàkiri ìlú. Gabo ni ó kọ ọ́, àwọn méjèèjì ni ó fọwọ́ sí i. Wọ́n wí nínú rẹ̀ pé ìwúwo kì í ṣe ìpìlẹ̀ ère, pé àlàfo àti àkókò ni ìpìlẹ̀ tí iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ dúró lé lórí. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà, èrò mìíràn ń gbilẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà Moscow: wọ́n ní kí gbogbo wọn fi ère sílẹ̀, kí wọn lọ máa ṣe ohun tí ìlú yóò lò, bí àga, aṣọ àti ààrò. Gabo kò kẹ́gàn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọkàn ènìyàn pẹ̀lú ní ebi tirẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ààyè ń há mọ́ òun, ó lọ sí Berlin ní ọdún 1922, níbi tí a ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà àwọn ará Rọ́ṣíà. Kò padà lọ gbé ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́wàá ni ó lò ní Berlin. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ràn ike tí ó mọ́ bí omi, nítorí pé ère tí a fi í ṣe kò fi ohun kankan pamọ́: ẹni tí ó dúró níwájú ń rí ẹ̀yìn. Nígbà tí ìjọba Hitler ń súnmọ́lé, Júù kò ní ibi ìsinmi ní Jámánì mọ́. Ní ọdún 1932 Gabo kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Paris, ní ọdún 1936 ó ré kọjá lọ sí London. Ní ọdún náà ni ó gbé Miriam Israels, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìyàwó. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, wọ́n lọ ń gbé ní Carbis Bay ní etí òkun Cornwall, nítòsí Barbara Hepworth, obìnrin agbẹ́lére tí òun náà ń ta okùn sínú ère rẹ̀.

Ní etí òkun yìí, láàárín ìbẹ̀rù ogun, ni ẹ̀kọ́ okùn tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan bọ̀ sípò. Láti ọdún 1942, Gabo gé ike Perspex bí férémù tí etí rẹ̀ tẹ̀, ó sì ta okùn náílọ́ọ̀nù yí i ká, okùn kan tẹ̀ lé èkejì pẹ́kípẹ́kí, títí wọn fi di ojú ara méjì tí ń wo ara wọn, tí àlàfo bí ẹyin sì wà láàárín wọn. Kì í ṣe àwòṣe ìṣirò ni ó ń dà kọ. Àwòṣe ìṣirò parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lóye. Ti Gabo kò parí, nítorí pé bí ènìyàn bá ti ń yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń sáré lára okùn, tí ìrísí rẹ̀ sì ń yí padà.

Ní ọdún 1946, Gabo àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Connecticut. Ibẹ̀ ni ó ti gba iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ǹbù Jámánì ti run àárín ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Hólándì ní ọdún 1940. Nígbà tí a ń tún ìlú kọ́, a bẹ Gabo pé kí ó ṣe ère sí iwájú ilé ìtajà Bijenkorf. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1957: irin àti wáyà tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 26, tí ó ta gbòǹgbò nísàlẹ̀, tí ó sì nà sókè bí igi. Níbi tí iná ti jó gbogbo nǹkan, ó gbin ohun tí ó jọ ìyè síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọlá ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ kan ń tẹ̀ lé e. Ike àtijọ́ tí ó fi ṣe ère ní Berlin àti ní Paris kò lágbára bí ojú ti rò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ike náà a bẹ̀rẹ̀ sí tú omi kíkan jáde láti inú ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa rí bí ti ọtí tí ó kan. Lẹ́yìn náà a pọ́n, a ká kò, a sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ère kan tí ó ṣe ní ọdún 1927 láti inú ìrísí àrọ méjì, irú àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà ní Philadelphia. Òkúta àwọn ará àtijọ́ ń bẹ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún; ike ẹni tí ó fẹ́ bá ìgbà tuntun rìn kò tó ọjọ́ orí ènìyàn kan.

Ẹlòmíràn ìbá ti sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Gabo ti tọ́jú àwọn àwòṣe kéékèèké tí ó fi páálí àti ike ṣe fún iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ìwọ̀n àti ìlà ni ère rẹ̀ dúró lé, kì í ṣe orí èépá igi kan ṣoṣo tí agbẹ́gilére gé tí kò lè tún lẹ̀, a lè tún un ṣe pẹ̀lú ohun tí ó le jù. Orí kan tí ó fi páànù ṣe ní ọdún 1916 ni a tún fi irin líle ṣe ní títóbi ní ọdún 1964. Ní ọdún 1977 ó fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àti àwòṣe rẹ̀ ta ilé ìṣúra Tate ní London lọ́rẹ.

Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1971. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1977, ó kú ní Connecticut, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ṣáájú ikú rẹ̀, a ti gbé ère rẹ̀ kan kalẹ̀ sí iwájú ilé ìwòsàn St Thomas' ní London, ní òdìkejì odò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Irin tí kì í dípẹtà ni a fi ṣe é, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Kò sí okùn náílọ́ọ̀nù lára rẹ̀. Omi ni ó ń tú jáde láti etí irin náà ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ okùn. Omi tí ó tú lánàá ti ṣàn lọ, ti òní kò sì ní dúró, síbẹ̀ ìrísí ère náà kò yẹ̀.

Láti inú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni a ti lè rí i pé ìṣirò kì í ṣe ọ̀tá ẹwà, àti pé ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ méjì kò fi àkókò ṣòfò bí ó bá lè mú kí ọ̀kan ran èkejì lọ́wọ́. Ogun lé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ohun èlò rẹ̀ sì dalẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti fi òye rẹ̀ wọ̀n kò sọnù.