Dókítà Ògúntọ́lá Sapara àti Ìgbóná Ẹ̀pẹ́

 

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn wa, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún pé kí ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè, kí ẹ wo apá yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rí àpá kékeré kan tí ó ṣe bí kòtò. Bupá ni. Wọ́n gún un fún wa ní kékeré kí ìgbóná má baà pa wá. Bí ẹ bá wo apá àwọn ọmọ-ọmọ yín, àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ni ẹ ó rí níbẹ̀. Wọn kò ní bupá, nítorí pé àrùn tí a ń torí rẹ̀ gún bupá ti tán lórí ilẹ̀ ayé. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó bá àrùn náà jà ní agbègbè wa níhìn-ín, nígbà tí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn pe orúkọ rẹ̀ síta.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Ìlú Freetown ní Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1861. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí kí ó tó gba òmìnira. Ọmọ Ẹ̀gbá sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n sọ dókítà yìí nígbà tí wọ́n bí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn Sàró ti máa ń sọ ọmọ wọn lórúkọ òyìnbó. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀, ó ń jẹ́ Ògúntọ́lá Sapara. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó fẹ́ràn láti máa wọ̀, ní àkókò tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ka kóòtù àti fìlà òyìnbó sí ẹ̀rí pé ojú wọn ti là.

Ní ọdún 1876, ìdílé wọn ṣí wá sí Èkó, ó sì lọ sí CMS Grammar School. Kò ti ilé ìwé bọ́ sí iṣẹ́ dókítà. Ó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó. Nídìí oògùn pípò ni ó ti rí àìsàn àti ikú lójoojúmọ́, tí ọkàn rẹ̀ fi fà sí iṣẹ́ ìṣègùn. Ó rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1895. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí kò tètè rí ọ̀nà rẹ̀, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Ní ọdún 1896, ìjọba gbà á sí iṣẹ́ dókítà ní Èkó.

Kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tí ó fi bá ara rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún 1897, ìgbóná ń pa ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ bí ìlú yín ti rí. Nígbà náà, orí ọ̀sà ni gbogbo nǹkan ń gbà wọlé: ọkọ̀ ẹja, ọkọ̀ oúnjẹ, àwọn tí ń lọ ọjà Èjìnrìn àti àwọn tí ń bọ̀ láti Èkó. Ibi tí èrò bá ti ń pàdé báyìí, àrùn tí ń ranni kì í pẹ́ tàn kálẹ̀. Èémí ẹni tí ìgbóná bá ń ṣe lè kó o ran ẹlòmíràn, aṣọ rẹ̀ àti ẹní tí ó sùn lé náà sì lè kó o ranni. Níbi tí ó bá ti le, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí ó bá mú ni ó ń pa. Ẹni tí ó bá sì yè, ojú rẹ̀ a kún fún ṣáṣá. Àwọn mìíràn a sì fọ́jú.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò kà á sí àrùn lásán. Òrìṣà ni wọ́n pè é. Ní àsìkò ọ̀dá, nígbà tí oòrùn bá mú, kò sí ẹni tí ó jẹ́ pe Ṣọ̀pọ̀ná. Wọ́n a ní Ilẹ̀ẹ́gbóná, tàbí Olóde, tàbí Baba. Àwọn àwòrò òrìṣà náà nìkan ni ó ní àṣẹ láti tọ́jú ẹni tí ó bá mú. Bí ó bá kú, àwọn náà ni yóò sin ín, àwọn ni yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ohun tí ó dun ni jù níbẹ̀ ni pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni yóò dú, kí òrìṣà má baà bínú padà wá mú ọmọ tí ó kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́, ẹni tí ń pa ni tí a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ wo irú ìrora tí èyí yóò jẹ́: òkú ọmọ wà nílẹ̀, ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́.

Dókítà Sapara wo bí ìgbóná náà ti ń jà, ó sì fura. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba ń san owó fún un kò ju kí ó tọ́jú aláìsàn, kí ó sì kọ ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá ṣe ìwọ̀nyí tán, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa àwọn ènìyàn wà nínú awo, kò sì sí bí ẹni tí ó dúró sí ìta ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ó dá a lójú pé àfi kí òun wọlé. Ó wọ ẹgbẹ́ awo náà láì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó bá wá. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ èdè, ó mọ àṣà; dókítà òyìnbó kankan kò lè ṣe é. Àwọn tí ó lọ bá kì í fi awo wọn ṣeré, ó sì mọ̀ pé bí àṣírí òun bá tú, ẹ̀mí òun lè lọ sí i.

Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú àwọn àwòrò náà ń ha èépá kúrò lára ẹni tí ìgbóná ń ṣe, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, wọ́n sì ń lò ó láti fi kó àrùn ran àwọn ẹlòmíràn. Àrùn a bẹ́ sílẹ̀, ẹbọ a pọ̀, ẹrù òkú a sì di tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń bọ òrìṣà náà ni ó mọ̀ sí i o. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀rù ni ó mú wọn wólẹ̀. Dókítà Sapara kọ ohun tí ó rí fún ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba ṣe òfin tí ó ka ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná léèwọ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ èépá yìí. Èépá kan náà lè ṣe ire. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé bí a bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ojú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ìgbóná yóò ṣe é díẹ̀, kò sì ní ṣe é mọ́ láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu wà níbẹ̀. Ọmọ Áfíríkà kan tí ó jẹ́ ẹrú ní Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì fi gba ẹ̀mí là ní ìlú náà ní ọdún 1721. Ní ọdún 1796, dókítà Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé irú ìgbóná tí ń ṣe màlúù, tí kò le, ń dáàbò bo ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni bupá ti wá. Nítorí náà, ìmọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àwòrò wọ̀nyẹn. Nígbà tí wọ́n fi pamọ́ sínú igbó tí wọ́n sì fi wá owó, ó di ikú. Nígbà tí Onesimus là á sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó di ìyè.

Kì í ṣe ìgbóná nìkan ni dókítà yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ lé. Ní Èkó, ọ̀ràn àwọn aboyún jẹ ẹ́ lógún. Ọ̀pọ̀ ìyá ń kú lórí ìkúnlẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì ń pé ọdún kan. Ó kó àwọn obìnrin jọ, ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó jà fún ilé ìpoògùn tí ó wà ní Massey Street, èyí tí ó padà di ilé ìwòsàn ọmọdé tí gbogbo Èkó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún máa ń yẹ ewé àti egbò ilẹ̀ wa wò. Kò fi ojú tín-ínrín wo oògùn ìbílẹ̀. Èyí tí ó bá rí pé ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lò ó fún aláìsàn. Kò gbé ọgbọ́n òyìnbó mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu, kò sì da ti baba rẹ̀ nù láì wò ó.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928. Ní oṣù kẹfà ọdún 1935 ni ó kú. Ìgbóná kò tíì tán ní ilẹ̀ wa nígbà náà, nítorí òfin nìkan kò lè pa àrùn. Bupá ni ó parí iṣẹ́ náà, láti ilé dé ilé, láti ìletò dé ìletò. Ọdún 1970 ni ìgbóná ti ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lẹ́yìn ti Ẹ̀pẹ́ yẹn. Ẹni tí ó mú kẹ́yìn láìjẹ́ pé ó ti ilé àyẹ̀wò jáde wà ní Sòmálíà ní ọdún 1977. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde fún gbogbo ayé pé ó ti tán. Dókítà Sapara kò rí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kí ni àwa obìnrin Mẹ́tọ́díìsì rí kọ́?

Èkíní, nígbàkígbà tí a bá ń pín iṣẹ́ ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ tí a sábà ń gbọ́ ni pé àyè kò sí. Ọjọ́ ọjà kò jẹ́ kí a ráyè, iṣẹ́ ọba kò jẹ́ kí a ráyè, àwọn ọmọ kò jẹ́ kí a ráyè. Òótọ́ ni, ọjọ́ méje kò tó nǹkan. Ọjọ́ méje náà ni Dókítà Sapara ní. Iṣẹ́ ọba wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó ráyè kọ́ agbẹ̀bí, ó ráyè yẹ ewé wò, ó ráyè tọ ikú dé ibi tí ó fara pamọ́ sí. Ohun tí owó oṣù rẹ̀ kò rán an ni a fi ń rántí rẹ̀ lónìí.

Èkejì, kí a má ṣe ya ọ̀rọ̀ ara kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọkàn. John Wesley baba wa fúnra rẹ̀ ṣí ilé ìpoògùn fún àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1746, ó sì kọ ìwé ìtọ́jú ara fún wọn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní Iléṣà, ìlú bàbá Dókítà Sapara gan-an, ni ìjọ wa dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. Ìyá tí ó bá mọ nǹkan nípa ìtọ́jú ọmọ, tí ó sì mú un sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, iṣẹ́ ìjọ ni ó ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a bá ẹ̀rù jà. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ó yẹ kí onígbàgbọ́ wọ igbó awo? Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Igbó awo kì í ṣe ibi eré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ẹ́sítérì tí ó wọlé tọ ọba lọ láì gba àṣẹ, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú ewu. Àwọn ìyá kan ṣì wà tí wọ́n ń sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n gbọ́ àhesọ nínú ọjà, tí wọ́n wá gbé ọmọ pamọ́ nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá dé. Ẹ má ṣe bú wọn. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ sílé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi bupá apá yín hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ ìtàn yìí fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó gba ti rọpárọsẹ̀ àti ti èéyí.

Mo rọ àwọn olórí kíláàsì pé kí wọ́n jíròrò lórí èyí ní ìpàdé tí ń bọ̀: kí ni ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa tí a fi pamọ́, tí ó lè gba ọmọ ẹlòmíràn là?

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a tún dúpẹ́ ikú ọmọ mọ́ nítorí ẹ̀rù. Kí ó fún wa ní ọgbọ́n àti ìgboyà, kí ó sì bù kún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wa. Àmín.