Dókítà Ida Scudder ti Vellore

Li ọdún 1870 li a bí Ida Scudder ní Íńdíà, ọmọ míṣọ́nnárì oníṣègùn. Òun kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Li òru kan ní Tindivanam, ọkùnrin mẹ́ta wá bẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí aya wọn tí ń rọbí. Bàbá rẹ̀ li ó mọ ìṣègùn, ṣùgbọ́n àṣà wọn kò gbà kí ọkùnrin gbẹ̀bí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn aya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ida lọ kọ́ ìṣègùn li Amẹ́ríkà. Li ọdún 1902 ó ṣí ilé ìwòsàn obìnrin ní Vellore. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Li ọdún 1918 ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin Íńdíà, èyí tí ó ga jù lójú wa. Ó kú li ọdún 1960.