Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Àpò Ìjọ

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, àdúrà oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìsàlẹ̀ Èkó. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a rántí àlùfáà kan tí ó wàásù ní Òpópónà Breadfruit nígbà tí ogun dí ọ̀nà, tí ọjà Èkó sì dákẹ́.

Ilẹ̀ Sàró ni a bí James Johnson sí ní nǹkan bí ọdún 1836, ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti Ìjẹ̀bú ni ó sì wà lára rẹ̀. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó dé Èkó ní 1874, ó sì di àlùfáà ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́, Breadfruit. Ọkùnrin líle ni, tí kì í gba ìgbàkugbà, àwọn ará Èkó sì sọ ọ́ ní Holy Johnson. Ohun tí ó tẹnu mọ́ jù lọ ni pé ìjọ tí owó rẹ̀ ń ti London wá, London náà ni yóò máa pàṣẹ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọ náà ṣe iṣẹ́ àgọ́ pípa kí ó má baà ni ẹnikẹ́ni lára.

Ní 1876 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ òkè. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ní 1877; Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde lẹ́yìn náà, àlàáfíà kò sì dé títí di 1893. Nínú ìnira yìí ni Johnson fi kún owó ìjọ, tí ó sì ní kí àwọn onígbàgbọ́ tí ó ní ẹrú dá wọn sílẹ̀. Ní ti ẹrú, kò sí àní-àní pé òun ni ó jàre. Ṣùgbọ́n ní ti owó, lójú tiwa, ó le jù fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ọjà. Ẹjọ́ rẹ̀ dé London, a sì dá a padà sí Breadfruit ní 1880.

Ní 1886 a yàn án sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Owó bodè orí ọtí òyìnbó ni òpómúléró àpò ìjọba nígbà náà, Johnson sì rí ohun tí àwọn oníṣòwò kò fẹ́ rí: epo pupa àti ekuro ń jáde lọ, ọtí ni ó ń wọlé dípò. Ní 1887 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ bá òwò náà wí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú dé ní 1892, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń fẹ́ kí ọ̀nà ṣí ní ọ̀nàkọnà, ó gbèjà Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀ ìbọn dún ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ní 1894 ó kúrò nínú ìgbìmọ̀, nítorí ìjọba kò yàn án mọ́.

A fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Ó ti rin ìrìn àjò káàkiri láti kó £10,000 jọ, kí ipò náà lè dúró lórí owó àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú un kúrò ní Breadfruit. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jáde ní oṣù Kẹwàá 1901 láti dá Bethel sílẹ̀. Òun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde kò bá wọn lọ. Inú ìjọ Áńgílíkà ni ó wà títí ó fi kú ní 1917. Èyí dùn wọ́n púpọ̀.

J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ti ní oko kòkó ní Ifákò lẹ́bàá Agége. Àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ òkè ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n bá sì ń padà sílé, wọ́n a mú ẹ̀kọ́ kòkó gbíngbìn lọ, àti ìjọ African Church pẹ̀lú.