Wes Montgomery, ẹni tó fi àtàǹpàkò ta gìtá

Ìlú Indianapolis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Wes Montgomery lọ́dún 1923. Ọmọ méje ló ní láti bọ́, nítorí náà iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́sàn-án, tí yóò sì máa ta gìtá nílé ijó lóru. Kí ariwo má baà dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ nílé, ó fi àtàǹpàkò ta okùn. Ohun tó fi wá àlàáfíà yìí ló di àmì ìdánimọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún 1959, Cannonball Adderley gbọ́ ọ, ó sì ta ilé-iṣẹ́ agborinjáde Riverside lólobó. Òkìkí kàn.

Gìtá tí Gibson ṣe fún un, L-5 CES, bá ọwọ́ rẹ̀ mu gan-an. Pickup méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ìró okùn, ló sábà máa ń wà lára irú gìtá bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ni tirẹ̀ ní, humbucker, lẹ́bàá ọrùn. Ìdì wáyà méjì inú rẹ̀ ń pa ìkùn iná mànàmáná. Níbi ọrùn náà, okùn ń gbọ̀n gbòòrò, ohùn sì máa ń ki. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó mú ṣáṣá, apá ìdí gìtá ni yóò wá a sí. Montgomery kò wá a.

Àìsàn ọkàn ló pa á lọ́dún 1968, lẹ́ni ọdún 45, nígbà tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.