Táí Ṣólàárín

Augustus Táíwò Ṣólàárín (20 Oṣù Kẹjọ 1922 – 1994), tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Táí Ṣólàárín, jẹ́ olùkọ́, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn láti ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni bí ó ṣe so iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà pọ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìbejì ni Ṣólàárín. Obìnrin ni Kẹ́hìndé rẹ̀. Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi àwòrán ilẹ̀ àti ìṣirò tọ́ ọkọ̀ òfurufú sọ́nà. Lẹ́yìn ogun, ó kàwé ní Yunifásítì Manchester àti ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1951, ó fẹ́ Sheila, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bá a wá sí Nàìjíríà.

Ìdásílẹ̀ Mayflower

Ní ọdún 1952, Ṣólàárín di ọ̀gá ilé-ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní àkókò náà, ọwọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wà, àdúrà àti orin ìsìn ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́. Ṣólàárín kò gba Ọlọ́run gbọ́, ó sì dúró lórí rẹ̀ pé kò yẹ kí a so ilé-ìwé mọ́ ẹ̀sìn kankan. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ó fi ipò náà àti owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kìíní 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, láìsí ìjọ kankan lẹ́yìn wọn. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń wá òmìnira lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620 ni ó fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọdún kan ṣáájú ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ tí yóò nílò ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò fi pọ̀ sí i.

Ìṣesí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ òbí ayé ìgbà náà ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá. Ní Mayflower, ọkọ́ àti àdá wà lára ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń dáko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n sì ń ṣe búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ lára àwọn ilé tí wọ́n ń lò. Ṣòkòtò péńpé kàkí, ẹ̀wù kàkí àti fìlà kékeré ni ọ̀gá wọn ń wọ̀. Aṣọ yìí náà ni ó ń wọ̀ lọ sí àárín àwọn ènìyàn ńlá. Sheila ń kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣólàárín wà ní ipò ọ̀gá ilé-ìwé títí di ọdún 1976.

Iṣẹ́ yìí kò dá kálàmù rẹ̀ dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ àròkọ sí àwọn ìwé ìròyìn bíi Daily Times àti Nigerian Tribune. Ní ọjọ́ ọdún tuntun 1964, dípò kí ó kí àwọn òǹkàwé pé kí ọdún tura fún wọn, ó gbà á ládùúrà fún wọn pé kí ọ̀nà wọn rí págunpàgun, nítorí ó gbà pé ìṣòro ni ó ń sọ ènìyàn di akin.

Àtìmọ́lé àti ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ṣólàárín kò fi èrò rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ìjọba ológun. Ní ọdún 1984, ìjọba Muhammadu Buhari tì í mọ́lé nítorí pé ó ní kí wọ́n dá ìjọba padà fún alágbádá. Ọdún 1985 ni ó tó gba ìtúsílẹ̀. Ní ọdún 1989, ó di alága àkọ́kọ́ fún People's Bank, báǹkì tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa yá tálákà lówó láìgba ohun ìdúró.

Ó kú ní ọdún 1994. Yunifásítì ẹ̀kọ́ ìṣe-olùkọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 2005 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mayflower ṣì wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Àkọmọ̀nà rẹ̀ ni pé ìmọ̀ ni ìmọ́lẹ̀.