Battling Siki: ọmọ Saint-Louis tó gba adé ayé, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òbí

Ẹ̀yin òbí Bassila, Manigri àti Alédjo, àwọn ọmọ wa ń wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lórí tẹlifóònù, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọ. Kò burú rárá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́ fún ọmọ, ẹ gbọ́ ìtàn Battling Siki, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba adé ayé nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́.

Mbarick Fall ni orúkọ rẹ̀, àwọn Faransé sì ń pè é ní Louis. Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1897. Ó ṣì kéré nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé, kò sì sí bàbá tàbí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké ló fi ń jẹun. Ní 1912, nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó. Ó ń ṣẹ́gun, wọ́n sì ń ṣẹ́gun òun náà. Ta ló ń wo orí ọmọ yẹn lẹ́yìn ìjà? Ta ló ń sọ fún un pé kó sinmi? Kò sẹ́nì kankan.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, ó wọṣẹ́ ológun Faransé. Ó jà bí akin débi pé wọ́n fún un ní Croix de guerre àti Médaille militaire. Ogun parí, ó padà sídìí ẹ̀ṣẹ́, ó sì ń ṣẹ́gun lọ́tùn-ún lósì.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, ó bá Georges Carpentier jà ní pápá Buffalo, lẹ́bàá Paris. Carpentier ni ààyò gbogbo Faransé, òun ló sì ni adé ayé ní ìpele àwọn tí wọn kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 79 lọ. Siki fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àdéhùn ti wà nílẹ̀ pé kí òun ṣubú. Àmọ́ kò gbà. Ní abala kẹfà, Carpentier lulẹ̀, kò lè dìde. Adarí ìjà kọ́kọ́ ní Siki fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, pé kí wọ́n gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò figbe ta, ni àwọn adájọ́ bá yí i padà, wọ́n sì gbé adé fún ọmọ Saint-Louis.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Carpentier náà tètè bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó di ajàfówó ní 1908, ìyẹn náà sì ti yá jù. Ṣùgbọ́n ó ní olùkọ́ kan, François Descamps, tó kọ́ ọ ní eré ìdárayá láti kékeré, tó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ jálẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Carpentier gbó, ó tọ́, ọdún 1975 ló tó kú. Siki ńkọ́? Àwọn tó ń kó ìjà fún un ló yí i ká, kò sí alágbàtọ́.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, ìròyìn rẹ̀ gba Paris kan. Ó ń fa kìnnìún kiri ìgboro, ọtí ń pọ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àjọ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ Faransé fòfin dè é. Blaise Diagne, aṣòfin Sẹ̀nẹ̀gàl, dìde gbèjà rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1923, ó lọ fi adé náà wewu ní Dublin, níwájú Mike McTigue, ọmọ Ireland, lọ́jọ́ àjọ̀dún ilẹ̀ Ireland gan-an. Wọ́n ja abala 20, adé sì bọ́. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, kò rọgbọ fún un níbẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1925, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní ìgboro New York. Ìbọn ni wọ́n yìn ín. Ọmọ ọdún 28 ni. Ọdún 1993 ni wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sílé.

Ẹ̀ṣẹ́ nìkan kọ́ ló pa Siki. Àìní àgbà lẹ́yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi gańgánrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Torí náà, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo olùkọ́. Ṣé ó mọ ọmọdé tọ́jú, àbí ariwo nìkan ló mọ̀? Ẹ jókòó wò ó kọ́ àwọn mìíràn kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀.

Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kí ọmọ má bá ẹnikẹ́ni lu ara wọn. Okùn fífò, bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí a ṣe ń yẹ ẹ̀ṣẹ́, àti àpò lílù ti tó. Ilẹ̀ Faransé ní ohun tí wọ́n ń pè ní boxe éducative: ọmọ kàn ń fọwọ́ kan ẹnì kejì ni, ẹni tó bá fi agbára lù ú, ó ti rú òfin. Irú ìyẹn ló yẹ ọmọdé.

Tó bá wá kan ẹnì méjì, kí ọjọ́ orí àti ìwọ̀n wọn sún mọ́ra. Kí wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́, kí ohun ààbò eyín wà lẹ́nu. Akoto orí ń dáàbò bo awọ ara, ṣùgbọ́n kò ní kí ọpọlọ má mì nínú agbárí. Ẹ má ṣe tìtorí akoto jẹ́ kí wọ́n máa lu orí.

Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tó ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń tòògbé ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó parí lọ́jọ́ yẹn. Ilé ìwòsàn ló kàn. Kó má padà sídìí ẹ̀ṣẹ́ àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Ọmọdé kì í febi pa ara rẹ̀ kó lè fúyẹ́, kì í sì í fi omi du ara rẹ̀ nínú oòrùn wa yìí. Ẹni tó bá sì ní kí ọmọ yín wá jà fún owó, ẹ sọ fún un pé ilé ìwé ló ń lọ.

Adé lè dé, ó sì lè má dé. Orí ọmọ ni kó kọ́kọ́ pé.