William Sachtleben: Ó Bá Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀ Gun Kẹ̀kẹ́ Yí Ayé Ká

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tá a parí ìwé mẹ́wàá, kò sẹ́ni tí kò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá àbá pé nǹkan báyìí làwọn á jọ ṣe. Èèyàn mélòó nínú wa ló ṣe é? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ fún yín lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí òun àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ dá àbá, tí wọ́n sì ṣe é délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ẹlòmíì sọnù, ló wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀.

William Lewis Sachtleben lorúkọ rẹ̀. Ìlú Alton ní ìpínlẹ̀ Illinois, lẹ́bàá odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní 1866, nínú ìdílé tó ti Jámánì wá. Ó ka ìwé dé Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú St. Louis. Ibẹ̀ lòun àti Thomas Gaskell Allen ti di ọ̀rẹ́. Sachtleben fi nǹkan bí ọdún 2 ju Allen lọ. Ní June 1890 ni wọ́n jọ gba oyè. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n gbéra. Wọ́n lọ sí New York, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool ní 23 June.

Lákòókò yẹn, kẹ̀kẹ́ ológeere ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí gbogbo èèyàn lè gùn. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tóbi gan-an, tẹ̀yìn sì kéré. Béèyàn bá já bọ́ látorí rẹ̀, eré kọ́. Irú rẹ̀ ni Thomas Stevens gùn kúrò ní San Francisco ní 1884, tó fi dé Yokohama ní Japan ní 1886. Wọn ò jẹ́ kí Stevens gba Afghanistan kọjá, ló bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí India. Àmọ́ ní 1885 ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn jáde ní England, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí tẹ̀yìn. Irú rẹ̀ là ń gùn dòní. Òun làwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí náà gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìlú London ni wọ́n ti wá pinnu pé àwọn á gun kẹ̀kẹ́ la Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà já. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láti wọ ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn tó mọ̀nà kìlọ̀ fún wọn pé ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà àti aṣálẹ̀ Gobi ló le jù. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò padà. Wọ́n gba ilẹ̀ Faransé kọjá sí Ítálì, wọ́n sì lo ìgbà òtútù ní Athens. Nígbà tó di April 1891, wọ́n bọ́ sí Éṣíà láti Constantinople, ìyẹn Istanbul òde òní.

Ọ̀nà Tọ́kì ò sí fún kẹ̀kẹ́ rárá. Òkúta ni, ẹrẹ̀ ni, odò ni. Nígbà mìíràn, kẹ̀kẹ́ ló ń gun èèyàn. Ìlú tí wọ́n bá wọ̀, tọmọdé tàgbà á tú jáde, wọ́n á ní kí wọ́n gùn ún káwọn rí i. Àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní ọkọ̀ Sàtánì. Bó bá rẹ̀ wọ́n débi pé wọn ò lè dìde, wọ́n ṣáà gbọ́dọ̀ gùn ún, torí ẹni tó fẹ́ ibi tí yóò sùn kò lè ṣe agídí. Àwọn tó ti ka Bíbélì mọ òkè Ararati, níbi tí ọkọ̀ Nóà gúnlẹ̀ sí. Ó ga ju 5,100 mítà lọ, yìnyín ò sì kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n gun òkè náà, wọ́n sì dé ṣóńṣó rẹ̀ ní 4 July 1891, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Ni wọ́n bá yìnbọn sókè láti fi ṣọdún.

Láti ibẹ̀, wọ́n la Páṣíà já, èyí tá à ń pè ní Ìráànì báyìí, wọ́n gba Tabriz, Tehran àti Mashhad. Wọ́n wọ àgbègbè tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà, wọ́n gba Bukhara àti Samarkand, òtútù sì dá wọn dúró ní Tashkent. Nígbà tí ojú ọjọ́ dára ní 1892, wọ́n kọjú sí Ṣáínà.

Owó ló kọ́kọ́ di ìṣòro níbẹ̀. Owó idẹ tó nihò láàárín ni wọ́n ń ná, wọ́n sì ń fi okùn sín in bí àwọn baba wa ti ń sín owó ẹyọ. Owó tí kò tó nǹkan ti tó láti wọ èèyàn lọ́rùn. Fàdákà ló dára láti gbé, wọ́n á máa gé e, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́ṣà bá rí i ńkọ́? Àwọn ọmọkùnrin yìí gé fàdákà wọn wẹ́wẹ́, wọ́n kó o sínú irin kẹ̀kẹ́ tó ní ihò nínú. Wọ́n dín ẹrù wọn kù débi tó lè kù mọ. Wọ́n sì la aṣálẹ̀ Gobi já báyẹn, wọ́n gba ẹnubodè ibi tí Odi Ńlá Ṣáínà parí sí, wọ́n gba Lanzhou àti Xi'an, títí wọ́n fi wọ Beijing ní November 1892. Li Hongzhang, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ tó lágbára jù ní Ṣáínà, gbà wọ́n lálejò ní Tianjin, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè lóríṣiríṣi.

Wọ́n wọkọ̀ ojú omi láti Shanghai lọ sí Japan, wọ́n dé San Francisco ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì 1892, wọ́n sì tún gun kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà já. Ọjọ́ tí wọ́n wọ New York, ó ku 20 ọjọ́ kí ó pé ọdún 3 tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Ibi tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ rìn jẹ́ 15,044 máìlì, tó ju 24,000 kìlómítà lọ. Wọ́n ya fọ́tò tó lé ní 2,500. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ní 1894, àwọn méjèèjì jọ fi orúkọ sí ìwé tí wọ́n kọ lórí ìrìn náà, Across Asia on a Bicycle. Ní gbogbo ọ̀nà, wọn ò gba afinimọ̀nà, wọn ò gba ògbufọ̀. Ìlú tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń kọ́ èdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Béèyàn bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn fún ọdún 3, tí wọ́n jọ jìyà, tí wọ́n sì jọ padà délé, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rẹ́ ẹnu lásán.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn wà ní Pittsburgh, Frank Lenz, akọ̀wé owó ni. Òun náà gbéra ní May 1892 láti gun kẹ̀kẹ́ yí ayé ká, òun nìkan, ó ń kọ ìròyìn ìrìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Outing. Ó la Japan, Ṣáínà, Burma, India àti Páṣíà já. Ní May 1894, ó kúrò ní Tabriz, ó forí lé Erzurum ní ilẹ̀ Tọ́kì. Kò dé ibẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ ní Pittsburgh ń retí, ojú ń já a.

Nígbà tí ìwé ìròyìn Outing ń wá ẹni tó lè lọ wá Lenz, Sachtleben ló gbà láti lọ. Allen ò bá a lọ lọ́tẹ̀ yìí. Sachtleben àti Lenz kò jọ kàwé, wọn ò sì jọ gun kẹ̀kẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Lenz sọnù sí, Sachtleben ti gbà á kọjá, ó mọ bó ti rí. Ó gbéra ní 1895, ó sì dé Erzurum. Àwọn aláṣẹ ò fẹ́ kó wádìí, wọ́n ń dá a dúró. Kò jáwọ́. Ó wádìí títí tó fi gbà pé àwọn Kurd kan ló pa Lenz nítòsí abúlé Chilkani, ó sì fi ẹ̀sùn kan olórí wọn. A ò rí òkú Lenz títí dòní.

Ó ṣì wà ní Erzurum nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn ará Armenia ní 30 October 1895, tí wọ́n pa wọ́n nípakúpa ní ìgboro àti nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Sachtleben lọ sí ibi ìsìnkú, ó rí òkú nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ya fọ́tò wọn, ó sì kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn The Times ní London. Ẹni tó wá òkú ẹnì kan lọ ló wá di ẹlẹ́rìí fún ọ̀pọ̀ òkú tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ó padà sílé láìmú egungun Lenz bọ̀ fún ìyá rẹ̀, àmọ́ ó mú ìròyìn bọ̀.

Lẹ́yìn náà, Sachtleben lọ gbé ní Houston ní Texas, níbi tó ti jẹ́ máníjà gbọ̀ngàn eré Majestic. Ó kú ní 1953, lẹ́ni ọdún 87.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nínú ẹgbẹ́ tiwa náà, orúkọ wà nínú rẹ́jísítà tá à ń pè tí kò sẹ́ni tó ń dáhùn. A máa ń ní bóyá ó ti lọ sókè òkun, a ó sì bọ́ sórí orúkọ tó tẹ̀ lé e. Sachtleben lọ wá ẹni tí kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àwa ń kọ́, tá a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà? Tá a bá pàdé lọ́tẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa mú orúkọ ẹnì kan lọ sílé, kó sì wá a rí kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Bó bá ń ṣàìsàn, ká gbọ́. Bó bá ti kú, ká lọ kí ìyá rẹ̀.